Ìyà Kọ́, Màmá: Igi Ìdáná àti Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Oko Vermont

Màmá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Vermont l'Amẹ́ríkà, ló fi àwòrán ránṣẹ́. Ó mú àáké dání níwájú òkìtì igi tó ga dé èjìká rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù Chevrolet àtijọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ìpẹtà sì ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín nínú àwòrán náà, ṣùgbọ́n ọkàn ìyá rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi ni? Èmi tí mo fi igi yan gààrí tọ́ ọ, ṣé igi náà ló tún lọ ń là lókè òkun?"

Màmá, iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín. Eré ọwọ́dilẹ̀ ló ń ṣe. Mo ti gbé ìpínlẹ̀ yẹn rí, mo sì mọ ohun tó ń mú kí dókítà, tíṣà àti àgbẹ̀ ibẹ̀ máa fi Sátidé lagi, kí wọ́n sì fi ọ̀sán Sunday dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó dàgbà jù wọ́n lọ. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ yín ń gbé. Vermont wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì bá Canada pààlà. Igbó ló bo nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí pọ̀ níbẹ̀ ju ọlọ́dà lọ. Nínú oṣù January, òtútù ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé 20 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ilé bá tutù tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí iná, omi inú páìpù á di yìnyín, páìpù á sì bẹ́. Gáàsì tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé kò kọjá Burlington àti agbègbè tó yí i ká. Epo ìyáná tàbí gáàsì inú táǹkì tí ọkọ̀ ń gbé wá ni àwọn ará oko ń rà, owó rẹ̀ sì ń fò sókè nígbà tó bá wù ú. Ní January 1998, òjò tó ń di yìnyín bó ṣe ń kan nǹkan wó òpó iná lulẹ̀ káàkiri àríwá New England, agbègbè tí Vermont wà, àti Quebec ní Canada, àwọn ilé kan sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ní ààrò onírin àti igi gbígbẹ nígbà náà ló rí iná yá. Àwọn àgbà ibẹ̀ kò tíì gbàgbé.

Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá elépo kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà ní 1973, owó epo ìyáná gòkè, àwọn èèyàn sì padà sídìí igi. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Vermont Castings bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ààrò onírin ní ìlú Randolph, nínú ìpínlẹ̀ náà gan-an. Ààrò yìí kì í ṣe olókùúta mẹ́ta tí a mọ̀ o. Àpótí irin tó nípọn ni, ó ní ilẹ̀kùn tó ń pa dé, ó ní ihò kékeré tí wọ́n fi ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ó sì ní ọ̀pá èéfín tó gba òrùlé jáde. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ti pa dé dáadáa, èéfín á gba òkè lọ, igi díẹ̀ á sì mú yàrá móoru títí di ìdájí.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, ẹ̀yin gan-an lè dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mọ̀ pé ayìn ń jó pẹ́, pé àràbà kò ní láárí nínú iná, pé igi tútù a máa tú èéfín sí èèyàn lójú. Ìmọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ní ní Vermont. Orúkọ igi ló yàtọ̀. Oak, beech àti sugar maple le, wọ́n wúwo, ẹ̀yinná wọn sì ń di òwúrọ̀. Pine àti poplar ń jó kíá, wọ́n sì ń kú kíá. Ìyẹn ni wọ́n fi ń mú iná ràn. Sugar maple tún níyì fún nǹkan mìíràn. Bí òtútù bá ti ń parí lọ, wọ́n á lu ihò sí ara rẹ̀, wọ́n á gba omi dídùn inú rẹ̀, wọ́n á sì sè é títí yóò fi ki. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 40 omi igi ló ń di gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, igi ìdáná ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi ń sè é. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ń ṣe omi kíki dídùn yìí tó Vermont ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti gba sùúrù ju tiwa lọ ni gbígbẹ igi. Nílé, ọyẹ́ àti oòrùn ń bá wa sá a. Níbẹ̀, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀, omi lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sínú ààrò bẹ́ẹ̀, iná á kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ sè omi náà gbẹ kó tó rí ooru kankan fún onílé. Èéfín rẹ̀ á tutù, á sì di ọ̀dà dúdú lára ọ̀pá èéfín. Ọ̀dà yìí ń gbiná. Lọ́jọ́ tó bá gbiná, ọ̀pá náà á pọ́n, iná á sì wọ òrùlé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbà pé igi ti tó jó àfi tí omi inú rẹ̀ bá dín sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Maple ń fẹ́ odidi ìgbà ooru kan láti gbẹ. Oak a máa gbà tó ọdún méjì. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí igi tí ẹ rí níwájú ọmọ yín má jẹ́ ti òtútù tó ń bọ̀ yìí rárá. Ti èyí tó tẹ̀ lé e ni. Ó ń gbọ́ bùkátà ọdún tí kò tíì rí, mo sì ka èyí sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ti gbẹ. Orí igi gbígbẹ a máa lanu wẹ́wẹ́, èèpo rẹ̀ a máa ṣí. Bí èèyàn bá gbé e, ó ti fúyẹ́. Bí wọ́n bá fi méjì lu ara wọn, èyí tó gbẹ á dún kó, èyí tó tutù á dún gbì. Títò rẹ̀ náà ní ìlànà. Igi kì í sùn sórí ilẹ̀ lásán; wọ́n á tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa gùn ún. Wọ́n á tò ó sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n á bo orí rẹ̀ nìkan, wọ́n á sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fi tapólì bò ó látòkè délẹ̀, olú ni yóò bá lára rẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti ń rí i? Ọ̀pọ̀ onílé ní igbó tiwọn lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí kò ní a máa san owó díẹ̀ fún àwọn aṣọ́gbó ìjọba àpapọ̀, kó gba ìwé àṣẹ láti kó igi tó ti kú nínú igbó ìjọba, fún ìlò ilé, kì í ṣe fún títà. Lẹ́yìn ìjì, ẹni tí igi wó sí ọgbà rẹ̀ á ké sí aládùúgbò tó ní ẹ̀rọ ayùn. Igi ash pọ̀ nínú òkú igi báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dùn mí. Kòkòrò kékeré kan tó tàn bí ewé tútù, emerald ash borer, tó ti Éṣíà wá, ni wọ́n rí ní Michigan ní 2002. Ìdin rẹ̀ ń jẹ abẹ́ èèpo igi náà títí igi á fi kú, ó sì ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye. Ó dé Vermont ní 2018. Inú igi ìdáná tí èèyàn ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ ló fi ń rin ìrìn tó jìn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin Vermont kò ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni kó igi ìdáná wọ ìpínlẹ̀ náà láti ìta, àfi èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé igi ni kí wọ́n ti jó o.

Lílà ló ń dùn mọ́ wọn jù. Àáké tí orí rẹ̀ wúwo ni wọ́n ń lò, wọn kì í sì í fi ipá là á. Wọ́n á yí igi títí wọ́n á fi rí ibi tó ti lanu, wọ́n á jẹ́ kí orí àáké bọ́ síbẹ̀, igi á sì là bí obì ṣe ń là ní ojú ibi tí Olódùmarè ti pín in. Ibi tí ẹ̀ka ti yọ, tó di kókó, wọ́n á yẹra fún un. Nínú òtútù líle, tí omi inú igi ti di yìnyín, ó tún ń rọrùn sí i. Màmá, ẹni tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tọ́jú aláìsàn, tí kò mọ èyí tó máa yè nínú wọn, ohun ńlá ni fún un láti gbé àáké sókè, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé igi ti di méjì.

Vermont nìkan kọ́. Ní Norway, Lars Mytting kọ odidi ìwé lórí igi ìdáná ní 2011, ìwé náà sì tà wàràwàrà. Ní February 2013, NRK, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbogbo ìlú níbẹ̀, fi wákàtí 12 gbé ètò kan jáde lórí gígé igi, lílà á, títò ó, àti ọ̀pọ̀ wákàtí tí wọ́n kàn fi iná tó ń jó hàn. Àwọn tó ń wò ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣàròyé. Apá kan ní wọ́n to igi náà sódì, pé èèpo ló yẹ kó wà lókè; apá kejì ní ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà. Mo fẹ́ràn ìjà yìí gan-an. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ to igi nìkan ló lè jà á.

Báwo wá ni ọkọ̀ àtijọ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà? Igi ló fà á wọlé. Kọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń wọn igi níbẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gíga, 4 ní fífẹ̀, 8 ní gígùn. Ilé tó ń fi igi nìkan yáná lè jó mẹ́rin sí mẹ́fà irú rẹ̀ láàárín òtútù kan. Kọ́ọ̀dù oak tútù kan ṣoṣo wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, bẹ́ẹ̀ píkọ́ọ̀pù kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní oní-ìdajì-tọ́ọ̀nù, kò lè gbé ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan láìba sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́. Ó di ìrìn mẹ́rin fún kọ́ọ̀dù kan, nínú ẹrẹ̀, láàárín kùkùté. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ tuntun tó rà ní $40,000 wọ irú ibẹ̀, kó máa ju ìtì igi lu ara rẹ̀? Ọkọ̀ tó ti gba ìyà rí ni iṣẹ́ náà yẹ.

Irú ọkọ̀ yìí sì ti pẹ́ lóko wọn. Tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ ló ń ra ọkọ̀, táá ní kí káfíńtà kan àpótí sẹ́yìn rẹ̀. Ní 1925 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T tó ti ní àpótí ẹ̀yìn láti ilé-iṣẹ́ wá, $281 ni. Píkọ́ọ̀pù F-Series wọn dé ní 1948. Ní ti Chevrolet ọmọ yín, ẹ mọ ẹbí rẹ̀. Ẹ rántí Bedford agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó Oǹdó? General Motors ló ni Chevrolet, òun náà ló ni Bedford nígbà yẹn. Lọ́rì Bedford àkọ́kọ́, tó jáde ní England ní 1931, ara lọ́rì Chevrolet tí wọ́n ti ń tò pọ̀ níbẹ̀ ló ti wá. Àwọn mẹkáníìkì wa mú Bedford wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn tó ṣe wọ́n ti jáwọ́. Ohun tí wọ́n ṣe nínú ọgbà mẹkáníìkì láti fi jẹun ni ọmọ yín ń ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀ láti fi gbádùn ara rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò fi nǹkan pa mọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, tí mẹkáníìkì á fi ẹ̀rọ kà kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ọkọ̀ ọdún 1960 sí 1969 kò ní irú rẹ̀. Ohun tó ń béèrè kò pọ̀: epo tó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ìfúnpọ̀ nínú sílíńdà, àti iná plọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ lákòókò. Bí kò bá dáhùn, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọnù. Wọ́n á tú plọ́ọ̀gì kan, wọ́n á fi ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná kò bá ṣẹ́, kọ́ńtáàtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, kí wọ́n fi sáńpépà ha á, kí wọ́n sì ṣètò àlàfo rẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́, epo ló kàn. Epo tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ a máa di gọ́ọ̀mù, a sì dí ihò tóóró inú kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún bá kọ́ ikọ́ méjì, tó sì gbà, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ariwo onílé.

Ẹni tó gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ́ńjìnnì, bíréèkì ló ń kọ́kọ́ ṣe. Píkọ́ọ̀pù Chevrolet tí wọ́n ṣe ṣáájú 1967, ojú kan ṣoṣo ni epo bíréèkì ń gbà lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù kan bá bẹ́, bíréèkì ti tán pátápátá. Páìpù wọ̀nyí sì ń bẹ́, nítorí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ní Vermont kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà á sì jẹ irin láti ìsàlẹ̀ wá. Ó ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀, igun ilé awakọ̀, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, títí tó fi lè dé ṣáásí. Ọkọ̀ tí ṣáásí rẹ̀ ti jẹrà kò ní yege nígbà àyẹ̀wò ìjọba. Kí wọ́n gé irin tó jẹrà kúrò, kí wọ́n jó tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n fi ọ́ìlì pa abẹ́ ọkọ̀ kí òtútù tó dé, èyí ló ń gba ọjọ́ jù. Àáró ni wọ́n fi ń ṣe é: ẹni tó mọ irin jó á wá bá onílé ṣe ilẹ̀ ọkọ̀, onílé á sì lọ bá a la igi tirẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí bóyá ó ń dín owó kù, mi ò ní parọ́. Igi lè dín owó ìyáná kù fún ẹni tó ní igbó. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í dín nǹkan kan kù. Owó ló ń jẹ.

Mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, Màmá. Iṣẹ́ tó tẹ̀ yín ní ẹ̀yìn, tó fi èéfín pọ́n yín lójú, kí ló dé tí mo ń pè é ní eré nígbà tó kan ọmọ yín? Eré ni nítorí pé ó lè fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, yóò tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ìyáná mìíràn á gbà á. Ọkọ̀ mìíràn ló ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó ń yan gààrí nídìí ààrò kò ní èkejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní 2020, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, láti 2020, ààrò tuntun kò gbọ́dọ̀ tú ju gíráàmù 2.5 èérí èéfín síta ní wákàtí kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìyàtọ̀ ọgbọ́n. Nínú ọgbọ́n igi, ẹ̀yin lẹ ṣáájú wọn.

Nígbà tí ẹ bá pè é, ẹ má bi í bóyá ebi ń pa á. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti gbá ọ̀pá èéfín rẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ bi í bóyá bátìrì wà nínú ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì carbon monoxide bá wà nínú ilé, torí gáàsì yẹn kò lóòórùn, ó sì ń pani lójú oorun. Eérú ààrò, kó máa kó o sínú korobá onírin tó ní ìdérí, kó sì gbé e jìnnà sí ògiri, nítorí ẹ̀yinná lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kó má ṣe dá nìkan gbé ẹ̀rọ ayùn wọ igbó. Kó má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan: kó fi ẹsẹ̀ irin gbé e, kó dí àwọn táyà tó kù, kó tó dùbúlẹ̀.